Èèpo iṣu, èérí ògì, èèpo ẹ̀gẹ́: báwo lẹ ṣe ń sọ wọ́n di ajílẹ̀?

Ẹ̀yìnkùlé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí a fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí, iyanrìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òjò ńlá kan péré, ohun tí a bá fi sí i ti bá omi lọ. Owó àpò NPK, ajílẹ̀ òyìnbó, kò sì ṣeé gbọ́ sétí mọ́. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èérí ògì àti èèpo ẹ̀wà wà nínú bókéètì ọlọ́mọrí kan, ó pé ọ̀sẹ̀ méjì lónìí. Ó ń rùn, ó ti dìdin, omi dúdú sì dúró sí ìsàlẹ̀. Ṣé kí n dà á nù ni? Ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n ni kí ẹ fi bá mi sọ̀rọ̀, ẹ má sọ pé "díẹ̀díẹ̀".

Mọ̀mọ́ Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ṣàgámù)

Ẹ má dà á nù. Kò bàjẹ́, ewé gbígbẹ ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Omi ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn. Nígbà tí omi bá dí àlàfo inú rẹ̀, atẹ́gùn ò ní ríbi gbà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kì í lo atẹ́gùn á wá gba iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn ló ń mú òórùn ẹyin tó bàjẹ́ yẹn wá. Ọmọrí tí ẹ dé mọ́ ọn ló tún wá bá wọn ṣe é.

Ohun tí ẹ máa ṣe lónìí nìyí. Ẹ da bókéètì yẹn sórí ilẹ̀ gbẹrẹfu, kí omi dúdú náà ṣàn jáde, àmọ́ kó má jẹ́ nítòsí ẹ̀fọ́ tàbí kànga. Fún bókéètì kan ìdọ̀tí tútù, ẹ wá bókéètì mẹ́ta ewé gbígbẹ tí ẹ ti fi ọwọ́ rún. Ẹ fi ṣọ́bìrì méjì erùpẹ̀ òkè ilẹ̀ kún un, torí inú erùpẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wúlò wà. Ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, ẹ kó o jọ bí òkìtì, kí ẹ sì fi ewé gbígbẹ bo orí rẹ̀ ní ìwọ̀n gíga àtẹ́lẹwọ́ kan. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, òórùn náà á lọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé omi rẹ̀ tó: ẹ ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un tagbáratagbára. Tí ẹ̀kán omi kan tàbí méjì bá yọ láàárín ìka, ó ṣe rẹ́gí. Tó bá ń ṣàn bí ìgbà tí èèyàn ń fún ògì nínú aṣọ, omi ti pọ̀ jù, ẹ fi ewé kún un. Tí ẹ bá ṣí ọwọ́ tó sì tú ká bíi gààrí, ó ti gbẹ jù, ẹ wọ́n omi sí i. Kò sí ẹ̀rọ tó ju ọwọ́ yẹn lọ.

Àgbẹ̀ Kékeré (Ìkẹ́nnẹ́)

Mọ̀mọ́ ti sọ ojú abẹ níkòó. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí rẹ̀ kún un, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ ò ní máa béèrè ìwọ̀n lójoojúmọ́.

Oúnjẹ méjì ni àwọn kòkòrò tó ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀ ń jẹ. Kábọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe agbára, náítírójìn ni wọ́n fi ń kọ́ ara. Ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jù ni ibi tí kábọ̀n bá ti jẹ́ ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn. Ohun tútù (èèpo èso, èèpo ẹ̀wà, èérí ògì, koríko tútù, ìgbẹ́ adìyẹ) ní náítírójìn púpọ̀. Ohun gbígbẹ (ewé tó já, igi àgbàdo, páálí, pépà) kábọ̀n ló kún inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí gbígbẹ jẹ́ ìlọ́po méjì sí mẹ́ta tútù, ní ìwọ̀n bókéètì, kì í ṣe ní ìwọ̀n kílò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà níbí ni pé ìdọ̀tí ilé ìdáná ni wọ́n ń tọ́jú. Ìdọ̀tí ilé ìdáná kì í tán! Ewé gbígbẹ ló ń tán. Láti oṣù Igbe títí di àsìkò Agẹmọ, kò sí ewé kan nílẹ̀ tí kò rin gbingbin. Oṣù Ọ̀pẹ sí Èrèlé ni kí ẹ ti máa gbá a jọ, nígbà tí tíìkì, mángòrò, mẹláínà àti ọparun bá ń wọ́wé. Ẹ kó o sínú àpò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ tò ó síbi tí òjò ò ti ní dé. Ẹni tó bá ní àpò mẹ́wàá ewé nílẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ajílẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀. Ewé tíìkì gbòòrò, ó sì le. Ẹ gé e tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wómúwómú kó tó wọ òkìtì, àìṣe bẹ́ẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra bí ìwé, omi ò ní gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yìnkùlé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣeun gan-an. Kí wá ni kì í wọ ibẹ̀? Àwọn kan ní kò sóhun tí kì í jẹrà.

Mọ̀mọ́ Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ṣàgámù)

Àkìtàn ni kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Òkìtì ajílẹ̀ máa ń kọ̀.

Ẹran, egungun, orí ẹja, ọbẹ̀ tó kù, ohunkóhun tó bá ní epo: rárá. Eku ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Epo tún máa ń bo ara ewé, atẹ́gùn ò ní kàn án. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ kì í jẹrà, inú ilẹ̀ ló ń lọ, gbòǹgbò ò sì fẹ́ ẹ. Ìgbẹ́ ajá àti ológbò: rárá, nítorí àwọn aràn inú rẹ̀. Ewé tòmátì tàbí ata tí àrùn ti mú, ẹ sun ún. Èèpo ọsàn ò burú tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Ewé mọ́ínmọ́ín ń jẹrà, ẹ kàn ya á sí ọ̀nà mẹ́rin. Kí ẹ tó da ohunkóhun, ẹ ṣà gbogbo ọ̀rá piọ wọ́tà, ọ̀rá búrẹ́dì àti rọ́bà kúrò. Ọ̀rá kékeré kan tó bá bọ́ sínú ẹ̀, ẹ ṣì máa bá a níbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta òní.

Ìrẹsì tàbí ẹ̀bà tó ṣẹ́kù, tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ, ẹ rì í sí àárín. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, adìyẹ ló ni ín.

Onígààrí (Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀)

Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ èèpo ẹ̀gẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ló pọ̀ jù ní àdúgbò wa. Ẹ fetí sí eléyìí dáadáa, torí ó ń pa ẹ̀fọ́ tí wọn ò bá ṣe é bó ṣe yẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́ ní oró sáyánáìdì nínú, ó ju ti ara ẹ̀gẹ́ lọ. Tí ẹ bá ko tútù rẹ̀ jọ sí ẹsẹ̀ ata, omi kíkan tó ń sun lára rẹ̀ á jó gbòǹgbò. Ewé á pọ́n láti etí wọ inú, àwọn èèyàn á sì máa rò pé àìsí omi ni.

Ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, kó má nípọn ju ìka mẹ́ta lọ. Oró yẹn á dínkù gan-an. Ìyókù á lọ nígbà tó bá ń jẹrà. Ẹ gé èyí tó gùn sí ìwọ̀n ìka. Lẹ́yìn náà, garawa mẹ́ta èèpo ẹ̀gẹ́ sí garawa kan ìgbẹ́ adìyẹ, pẹ̀lú garawa kan ewé gbígbẹ kó má baà dì mọ́ra. Èèpo ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ò ní náítírójìn tó, ìgbẹ́ adìyẹ ló ń gbà á. Ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 ló ń gbà, ẹ má kánjú rẹ̀.

Omi tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ajílẹ̀ olómi o, ohun yòówù tí ẹnikẹ́ni ìbáà sọ. Ẹ wo ilẹ̀ ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀gààrí èyíkéyìí, ṣé koríko ń hù níbẹ̀?

Èèpo ewùrà tí ẹ bẹ fún ìkọ́kọrẹ́ àti èèpo iṣu lè hù padà tó bá ní ojú lára. Ẹ gé wọn kéékèèké, kí ẹ sì rì wọ́n sí àárín tó ń gbóná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa rí okùn iṣu lórí ajílẹ̀.

Bàbá Kòkó (Àgọ́-Ìwòyè)

Ẹ kú ọgbọ́n o. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí eérú àti lẹ́búlẹ́bú pákó, torí ohun méjèèjì yìí ni wọ́n ń ṣì lò jù lápá ọ̀dọ̀ wa.

Eérú igi ní pòtásíọ̀m àti kálísíọ̀mù, ó sì ń dín kíkan ilẹ̀ kù. Ilẹ̀ iyanrìn tí òjò ti fọ̀ bíi ti Ìjẹ̀bú sábà máa ń kan díẹ̀, ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ago mílíìkì kan ti tó fún garawa mẹ́rin ìdọ̀tí. Ti èèpo kòkó tí wọ́n sun, tí àwọn aṣọṣẹ fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ó le ju ti igi lọ: ìdajì ago ni kí ẹ lò. Eérú èédú inú ààrò náà dára, àyàfi tí wọ́n bá fi rọ́bà dáná sí i.

Èèpo kòkó tútù lè wọ òkìtì, ẹ gé e sí mẹ́rin. Ẹ má kàn dà á padà sínú oko kòkó ní tútù o, àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú ń gbé inú rẹ̀.

Lẹ́búlẹ́bú pákó: kábọ̀n inú rẹ̀ tó ìlọ́po 400 náítírójìn. Tí ẹ bá dà á sórí ilẹ̀ tí ẹ sì rò ó mọ́ erùpẹ̀, àwọn kòkòrò á fa náítírójìn inú ilẹ̀ láti fi jẹ ẹ́, ẹ̀fọ́ á pọ́n rẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju garawa kan lọ nínú garawa mẹ́wàá òkìtì, kí ẹ sì fi ìgbẹ́ adìyẹ tì í. Ẹ béèrè ní sọ́míìlì bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán pa pákó náà. Èyí tí wọ́n ti pa, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ má bínú sí mi, ìtọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Lítà kan sínú lítà mẹ́wàá omi, ẹ wọ́n ọn sórí lẹ́búlẹ́bú tàbí ewé gbígbẹ nínú òkìtì. Kì í ṣe sórí ẹ̀fọ́ tí a fẹ́ jẹ.

Mọ̀mọ́ Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ṣàgámù)

Bàbá, ẹ ṣé o, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan sí i. Eérú àti ìgbẹ́ adìyẹ tútù kì í pàdé nínú ìtò kan náà. Tí eérú bá kan ìgbẹ́ adìyẹ, náítírójìn inú rẹ̀ á di atẹ́gùn, ẹ máa gbọ́ òórùn tó ń ta ni nímú bí ìtọ̀ ọjọ́ mélòó kan. Òórùn yẹn, owó ló ń fò lọ. Ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí karùn-ún, nígbà tí ooru bá ti rọlẹ̀, ni kí ẹ tó fi eérú sí i.

Ẹ̀yin ará Ṣàgámù, ẹ wo èèpo obì tí àwọn olóbì ń bó dànù nígbà tí wọ́n bá rẹ obì sínú omi. Tútù ló jẹ́, garawa kan rẹ̀ sí méjì ewé gbígbẹ. Ẹ lọ bá wọn lọ́jà Sábó, inú wọn á dùn pé ẹ bá wọn kó o.

Àgbẹ̀ Kékeré (Ìkẹ́nnẹ́)

Ẹni tí kò bá rí ìgbẹ́ adìyẹ, ewé Akíntọ́lá ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo títì. Àwọn kan ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí kí ará Ìkẹ́nnẹ́ fi orúkọ yẹn pe koríko. Ẹ gé e kó tó yọ òdòdó, ẹ ṣá a wẹ́wẹ́, ẹ kà á mọ́ ohun tútù. Tó bá ti yọ òdòdó funfun, ẹ fi í sílẹ̀, èso rẹ̀ ń fò bí òwú, ẹ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọgbà.

Ayálégbé (Ìlíṣàn)

Ẹ̀yin tí ẹ nílẹ̀ ń gbádùn ara yín. Yàrá méjì àti bákónì kékeré kan la ní, ata inú àpò sẹ́mẹ́ńtì mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Lándílọ́ọ̀dù ò fẹ́ òórùn rárá. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Aláta (Òde-Rẹ́mọ)

Ó ṣeé ṣe. Rọ́bà pẹ́ǹtì lítà 20 méjì ni ẹ máa rà, ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa. Ẹ fi ìṣó tó gbóná lu ihò bíi 12 sí ìsàlẹ̀ àti bíi 20 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Kí ihò má tóbi, kí eṣinṣin má baà ráyè wọlé. Ẹ gbé rọ́bà náà lé bíríkì méjì, kí ẹ sì fi àwo sábẹ́ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ewé gbígbẹ tàbí páálí tí a ya, gíga ìka mẹ́rin. Lójoojúmọ́, abọ́ kan ìdọ̀tí tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́, abọ́ méjì ewé gbígbẹ lé e lórí, ẹ̀kúnwọ́ kan erùpẹ̀. Ìdọ̀tí ò gbọdọ̀ hàn sójú. Tí ojú bá ti lè rí i, imú eṣinṣin ti gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi igi pò ó dé ìsàlẹ̀. Tí ìkíní bá kún, ẹ dé e láìfún un pa, ẹ kọ ọjọ́ sí ara rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ìkíní ti ṣeé lò. Kò ní gbóná, ìwọ̀n rẹ̀ kéré, nítorí náà ẹ má fi hóró tòmátì, hóró ata tàbí ìgbẹ́ ẹranko kankan sínú rẹ̀. Ooru ló ń pa hóró àti àrùn, èyí ò sì ní.

Èérí ògì ni olórí àwọn ohun tí ń rùn nínú rọ́bà. Ẹ fún omi inú rẹ̀ dànù, ẹ tú u ká pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́ta ewé. Ẹni tó ní ewúrẹ́ nítòsí, ẹ fún un ní èérí, kó fún yín ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ fún àwọn onílẹ̀. Ó sàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ̀gbọ́n Aláta, fídíò pọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń sọ pé kí a rẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta kí a dà á sí tòmátì, pé èépá ẹyin náà ń wo tòmátì tí ìdí rẹ̀ ń dúdú. Òótọ́ ni?

Aláta (Òde-Rẹ́mọ)

Omi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀: pòtásíọ̀m díẹ̀ ń bọ́ sínú omi náà, náítírójìn inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Ṣúgà rẹ̀ ló pọ̀, eṣinṣin kéékèèké ló sì ń pè wá. Ẹ gé èèpo náà sínú òkìtì, pòtásíọ̀m yẹn á bọ́ sínú ajílẹ̀ láìsí wàhálà.

Èépá ẹyin: kálísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọwọ́ fọ́ ọ lásán, ó lè pẹ́ lọ́dún méjì nínú ilẹ̀ láìyí padà. Ẹ sá a, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. Ìdí tòmátì tó ń dúdú, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé kálísíọ̀mù ò sí nílẹ̀. Omi ni kò dọ́gba: ọjọ́ mẹ́rin ọ̀gbẹlẹ̀, ọjọ́ kan àkúnya. Kálísíọ̀mù ò rí ohun tó máa gbé e dé ara èso. Ẹ bu omi sí i déédéé, ẹ fi ewé gbígbẹ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èépá tí ẹ lọ̀ lónìí, tòmátì ọdún tó ń bọ̀ ló máa jẹ ẹ́.

Kí a sì má tan ara wa jẹ nípa NPK. Kílò kan NPK 15-15-15 ní gíráàmù 150 náítírójìn. Ajílẹ̀ ilé ìdáná tó dára máa ń ní bíi ìdá 1 sí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ní gbígbẹ. Ìyẹn ni pé kílò 10 sí 15 ajílẹ̀ gbígbẹ ló bá kílò kan NPK dọ́gba, kò sì ní tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò kan. Ohun tí NPK ò lè ṣe fún iyanrìn yín ni pé kó di omi mú. Ajílẹ̀ ń ṣe é, ó sì ń di NPK fúnra rẹ̀ mú kí òjò má gbé e lọ. Ẹni tó bá lo ajílẹ̀ dáadáa, tó wá fi NPK kékeré kan tì í fún àgbàdo, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìnkùlé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Òkìtì ti pé ọjọ́ mẹ́jọ. Òórùn ti lọ pátápátá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kò gbóná.

Àgbẹ̀ Kékeré (Ìkẹ́nnẹ́)

Ó kéré ni. Òkìtì tí kò bá tó mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga kì í lè di ooru ara rẹ̀ mú. Mítà yẹn, garawa lítà 20 márùndínláàádọ́ta sí àádọ́ta ló ń gbé. Ilé ìdáná kan ò lè kún un lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà ọ̀nà méjì ló wà: ẹ jẹ́ kó máa jẹrà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìgbóná, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, tàbí kí ẹ kó ìdọ̀tí ilé mẹ́ta mẹ́rin jọ, pẹ̀lú ti alágbo àti oníbùkátéríà àdúgbò, kí ẹ tò ó lọ́jọ́ kan.

Títò rẹ̀: ìsàlẹ̀ pátápátá, igi àgbàdo tàbí ẹ̀ka wẹ́wẹ́, sẹ̀ǹtímítà 15, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ewé gbígbẹ sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ wọ́n omi sí i kó tutù. Ìdọ̀tí ilé ìdáná sẹ̀ǹtímítà 8. Ìgbẹ́ adìyẹ sẹ̀ǹtímítà 2. Erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ewé, títí yóò fi dé àyà. Títò ní ìpele báyìí fara jọ èyí tí Albert Howard, òyìnbó tó ṣiṣẹ́ ọ̀gbìn ní Indore ní Íńdíà, gbé jáde ní 1931, ó sì ń rọrùn láti fi ka ìwọ̀n. Lójú tèmi, ní ọjọ́ keje, ẹ da gbogbo ìpele náà rú. Ìpele tí a kò bá dà rú á kàn máa wo ara wọn níran.

Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, ẹ ki ọ̀pá ìrin kan bọ àárín rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí ẹ bá fà á yọ tí ọwọ́ ò lè dì í mú pẹ́, ó ti tó digíríì 55 sí 60, ibẹ̀ la fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta léraléra níbẹ̀ ń pa ọ̀pọ̀ hóró koríko àti àrùn, ṣùgbọ́n àárín nìkan ló ń gbóná tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ inú. Ẹ yí i ní ọjọ́ 7, 14, 21, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Tí ẹ bá rí ohun funfun bí eérú tó tàn ká inú ewé nígbà tí ẹ bá ń yí i, kì í ṣe àrùn. Ibẹ̀ gbóná, ó sì ti ń gbẹ. Ẹ bu omi sí i.

Ayálégbé (Ìlíṣàn)

Ìdin ńkọ́? Ìdin pọ̀ nínú rọ́bà!

Onígààrí (Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀)

Irú ìdin wo? Tó bá jẹ́ èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ní àwọ̀ eérú tàbí bráùn, tí ara rẹ̀ pín sí oríkèéríkèé, ọmọ eṣinṣin dúdú gígùn kan ni, kì í bà lé oúnjẹ èèyàn. Ó ń bá yín ṣiṣẹ́ ni. Tó bá jẹ́ ìdin funfun kéékèèké, ti eṣinṣin ilé, a jẹ́ pé ìdọ̀tí hàn sójú: ẹ bò ó. Àwọn tó jẹ́ ìdin ńlá funfun, tó ká bí ìwọ̀, orí rẹ̀ le: ẹ ṣà wọ́n fún adìyẹ. Irú wọn kan ń dàgbà di kòkòrò oníwo tó ń gbẹ́ ọ̀pẹ àti àgbọn. Èèrà ní tiẹ̀ ń sọ fún yín pé inú rẹ̀ ti gbẹ jù.

Ẹ̀yìnkùlé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti jinná? Ìwọ̀n wo la sì máa lò?

Mọ̀mọ́ Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (Ṣàgámù)

Ó ti jinná tó bá ti dúdú, tó ń rú wúruwùru lọ́wọ́, tí ẹ ò dá èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí èèpo iṣu mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá kan ilẹ̀. Tí iyè méjì bá wà, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú ọ̀rá, ẹ so ó pa fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí ẹ bá ṣí i tí kò rùn, ó ti ṣetán. Ẹ tún lè gbin hóró ẹ̀wà 10 sínú ajílẹ̀ náà àti 10 sínú erùpẹ̀ lásán. Tí ti ajílẹ̀ bá hù tó 8, kò séwu. Tó bá jẹ́ 4 ló hù, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ajílẹ̀ tí kò jinná ń jó gbòǹgbò, ó sì tún ń gba náítírójìn lọ́wọ́ ẹ̀fọ́ dípò kó fún un.

Garawa lítà 20 kan ajílẹ̀ tó jinná máa ń wọn bíi kílò 10 sí 12. Ilẹ̀ iyanrìn bíi tiyín, kílò 4 fún mítà kan níbùú lóròó. Bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní mítà 5, tó fẹ̀ ní mítà 1, garawa méjì. Ẹ fi ọkọ́ rò ó mọ́ ìka mẹ́fà òkè ilẹ̀, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí ewédú. Ihò ata tàbí tòmátì, ẹ̀kúnwọ́ méjì, ẹ pò ó mọ́ erùpẹ̀, kí ẹ tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan yí i ká lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó má kan igi rẹ̀. Inú àpò sẹ́mẹ́ńtì, ìdá kan ajílẹ̀ sí ìdá mẹ́ta erùpẹ̀. Ajílẹ̀ nìkan nínú àpò kì í dára, ó ń wọ̀ sílẹ̀, ó sì ń le bí òkúta tó bá gbẹ.

Aláta (Òde-Rẹ́mọ)

Tẹ́nì kan bá fẹ́ olómi, kílò kan èyí tó jinná sínú lítà 10 omi, wákàtí 24, ẹ máa rò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ lò ó lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe orí ewé tí a máa jẹ. Omi dúdú tó ń sun sínú àwo lábẹ́ rọ́bà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ dà á padà sórí ewé gbígbẹ, tàbí kí ẹ fi ìlọ́po mẹ́wàá omi là á fún ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìbéèrè ìkẹyìn, ẹ má bínú. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ṣé kí n fi tapólì wé òkìtì náà pa?

Bàbá Kòkó (Àgọ́-Ìwòyè)

Ẹ má wé e pa, ẹ ṣe é bí òrùlé. Ẹ ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, kí tapólì tàbí páànù àlòkù ga ju òkìtì lọ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kó dagun sí ẹ̀yìn. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré yí i ká kí omi ilẹ̀ má wọ abẹ́ rẹ̀. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lórí òkìtì náà fúnra rẹ̀ tó. Tí ẹ bá tò ó kí ìdajì oṣù Òkúdù tó kọjá, á ti jinná níbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wẹwẹ̀, kí òjò ẹlẹ́ẹ̀kejì tó dá sílẹ̀ dáadáa. Kó sì jìnnà sí ògiri ilé tó mítà méjì, nítorí ikán.